Ọ̀sẹ̀ Mẹ́ta Tí Mo Fi Dákẹ́

Alága ìjókòó, tí ẹ tún jẹ́ ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn wa, mo kí yín, sà. Ẹ̀yin àgbà dókítà, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin tí ẹ ń nu ilẹ̀, tí ẹ ń fọ aṣọ aláìsàn, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ̀yin ẹbí aláìsàn tí ẹ jókòó lẹ́yìn, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi!

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ń fi orin tọ́jú aláìsàn nínú yàrá kékeré ẹ̀gbẹ́ ibi ìfọṣọ. "Ìyá Olórin" lẹ ń pè mí, àwọn mìíràn ní eré ni mo wá ṣe. N ò bá wọn jà. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, tí kò lè pe omi ní omi, bó bá ń kọrin, ọ̀rọ̀ a máa bá orin jáde. Nọ́ọ̀sì àgbà, ẹ̀yin lẹ máa ń ti kẹ̀kẹ́ wọn wá, tí ẹ máa ń fi ohùn yín tó ń han bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo gbe orin. Ọlọ́run á gbè yín.

Ẹ ti ka ìyìn sí mi létí lọ́jọ́ ìfẹ̀yìntì mi yìí. Ó dùn. Àmọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ṣé ẹ rántí ìyá aránṣọ? Oṣù mẹ́jọ ni kò fi sọ̀rọ̀. Òun àti àkọ́bí rẹ̀ ti jà, ọmọ ti lọ sí ọ̀nà jíjìn. Orin kan ṣoṣo la jọ ń kọ́: "Ọmọ mi, má bínú, wálé." Lọ́jọ́ tó dá a kọ tán, àwa méjèèjì la sunkún. A ránṣẹ́ sí ọmọ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an lẹ pè mí, ọ̀gá. Ẹ ní, "Ẹ gbọ́, mà, ariwo yín pọ̀. Orin kì í ṣe oògùn. Ẹ ti yàrá yẹn pa ná." Mo ní, "Mo gbọ́, sà." Kí ló dé tí n ò sọ pé ẹnì kan ń retí mi? Ẹ̀rù ló bà mí. Ọdún méjì péré ló kù kí n fẹ̀yìn tì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá láìsí orin. Ọmọ dé. Wọ́n wá sọ fún mi. Mo dìde, mo rántí àṣẹ yín, mo tún jókòó. Ní wọ́ọ̀dù, ìyá la ẹnu, "tọ-tọ-tọ" ló jáde. Ó ń nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà, èmi ló ń wá. Ọmọ rò pé òun ni wọ́n ń lé. Ó ní, "Màámi ò tíì dárí jì mí." Ó bá tirẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kẹta, ìyá kú.

Mo pe ọmọ lórí fóònù, mo ròyìn gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Ẹ wà nínú ilé kan náà, ẹ mọ orin náà, ẹ ò sì wá?"

Ìbéèrè yẹn ò tíì fi mí sílẹ̀ dòní.

Àga tó kán ló kún yàrá yẹn báyìí. Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ pàṣẹ, èmi ni mo gbọ́ràn; ẹ̀bi náà, àjọni ni. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó kù, bí wọ́n bá ní kí ẹ dákẹ́, ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ọlọ́run má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kú sí wa nínú. Kó fún kálukú wa ní ẹni tí yóò fetí sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹnu bá kọ̀. Ilé yìí á san yín ju bó ṣe san mí lọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pàtẹ́wọ́. Ẹ ṣé o.