Àwọn Àmì Ọ̀dà Tí Mo Sún Kúrò Láàyè Wọn

Ọmọ mi, mú bírò kí o máa kọ. Má kọ "Bàbá ní." "Èmi" ni kí o kọ, torí èmi ni mo ṣe é. Ìwọ ọkọ ọmọ mi, gbé báàgì ìrìn àjò yẹn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ná. Mo mọ̀ pé hẹlikópítà ń gbé yín lọ sórí òkun láàárọ̀ ọ̀la. Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè dákẹ́ mọ́. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí mì, ó ti wá ju inú mi lọ.

Ẹ mọ iṣẹ́ tí mo fi tọ́ ìdílé wa. Irin ni mò ń wọ̀n, ní ilé irin tí wọ́n ti ń fa epo láàárín òkun. Omi iyọ̀ a máa jẹ irin láti ìta, epo a máa jẹ ẹ́ láti inú, ojú lásán kò sì lè rí i. A ní ẹ̀rọ kékeré kan tí a máa ń fi lé ara páìpù, òun ní í sọ bí irin ṣe nípọn tó. Ojú kan náà la gbọ́dọ̀ máa wọ̀n lọ́dọọdún, kí á lè mọ iye tó ti jẹ lára rẹ̀. Kí a má baà ṣì í, a fi ọ̀dà pupa ya àmì róbótó síbẹ̀. Ẹni tó ń ya á fún mi ni òṣìṣẹ́ ọ̀dà kan tí à ń pè ní Asúfèé, nítorí kì í kun nǹkan kí ó má súfèé.

Páìpù géèsì kan wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ìgbì ti ń ta omi sí ni lára. Nígbà tó wà ní tuntun, mílímítà mẹ́rìnlá ni. Ó di mẹ́tàlá, ó di méjìlá, ó di mọ́kànlá. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, mo fi ẹ̀rọ lé e, ó pe mẹ́fà. Mo nù ún, mo tún wọ̀n ọ́n. Mẹ́fà. Àyà mi já. Bí mo bá kọ mẹ́fà, wọn yóò pa gbogbo iṣẹ́, ọ̀gá àgbà yóò sì bi mí bóyá mo sùn lọ́dún tó kọjá ni. Ká sòótọ́, mi ò tilẹ̀ débẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Òjò ń rọ̀, mo bá yọ oókan kúrò lára iye ti tẹ́lẹ̀, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ lórí àga mi.

Mo wá ń fi ẹ̀rọ náà tá páìpù kiri bí afọ́jú tó ń wá ilẹ̀kùn. Nígbà tí mo sún un ní ìka mẹ́rin, mo rí mẹ́wàá. Inú mi dùn. Ẹ wo òmùgọ̀. Mo pe Asúfèé pé kó kun ọ̀dà bo àmì yẹn, kó ya òmíràn síbi tí ọwọ́ mi wà.

Ó dáwọ́ súfèé dúró. "Ọ̀gá, ṣé àmì náà ń rìn ni?"

"Ṣé o fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ mi ni?"

"Ó tì o. Ẹ̀yin lẹ ni irin, ọ̀dà ni tèmi."

Ó ya á. Ọ̀gá àgbà wo ìwé mi, ó ní iṣẹ́ mi mọ́ tónítóní. Bó ṣe di bárakú nìyẹn. Láàárín ọdún méjì, mo ti sún mẹ́sàn-án mìíràn.

Ọ̀sán gangan ni páìpù àkọ́kọ́ bẹ́. Asúfèé wà nítòsí, ó ń ha ọ̀dà tó ti gbó. Iná bò ó lójú àti lọ́wọ́. Orí bẹ́ẹ̀dì ló wà nígbà tó ń sọ fún àwọn tó wá wádìí pé, "Ẹ bi ọ̀gá. Òun ló ní kí n sún àmì." Wọ́n bi mí. Ibí ló burú jù, ọmọ mi, má fò ó. Mo ní, "Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Irin tó fi ń ha ọ̀dà ló fi gún páìpù." Wọ́n wo ìwé mi, ó mọ́. Wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́. Mi ò sì lè dárúkọ mẹ́sàn-án tó kù, torí bí mo bá jẹ́wọ́ wọn, èyí tó bẹ́ ti jẹ́wọ́ ara rẹ̀ nìyẹn.

Mo lọ kí i lẹ́ẹ̀kan. Ètè rẹ̀ ti sún kì, kò lè súfèé mọ́. Kò bú mi. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jókòó." Mi ò lè jókòó.

Mo fẹ́ gbé e wọ sàréè. Àmọ́ lánàá, obìnrin tó ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ nílé ìwòsàn yìí wá bá mi, ó ní báàgì ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n pèsè fún mi kò ní wá mọ́. Ó yẹ kí wọ́n máa kọ bí fíríìjì tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀ ṣe tutù tó sílẹ̀ ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin, ẹnì kan sì ti fo ẹ̀ẹ̀kan.

Mo ní, "Ọmọ mi, bá wọn kọ ọ́ sí i. Ta ló máa mọ̀?"

Ó ní, "Bàbá, ẹ̀jẹ̀ tó ti bàjẹ́ lè máa dán bí èyí tó dáa. Tí mo bá kọ irọ́ sínú ìwé, ara yín ló máa sọ òótọ́."

Ó lọ wá òmíràn. Ó pẹ́ kó tó dé, mo sì sunkún lábẹ́ aṣọ títí tó fi dé.

Ọkọ ọmọ mi, ìwọ lo jogún iṣẹ́ mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá o jókòó síbí, o ní, "Bàbá, àwọn páìpù yín ṣì le koko, èmi fúnra mi ni mo wọ̀n wọ́n." O ò purọ́. Inú àmì lo ti wọ̀n wọ́n. Èmi ni mo rán àmì náà níṣẹ́ irọ́.

Mẹ́sàn-án ló kù. Asúfèé kàn kun ọ̀dà bo àwọn àmì àtijọ́ ni, wọ́n ṣì wà lábẹ́. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ha ọ̀dà náà nígbà tí géèsì ṣì wà nínú wọn. Irin ibẹ̀ lè má ju ewé lọ mọ́. Ẹ kọ́kọ́ pa ẹ̀rọ tó ń ti géèsì wọ inú wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ìwé yìí fún àwọn tó lé Asúfèé, kí wọ́n dá orúkọ rẹ̀ padà fún un. Bó bá fẹ́ dárí jì mí, ó di ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, iye tó bá já yín láyà gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ.

Ọkọ ọmọ mi, kí lo ṣì ń wò mí sí? Mú fóònù rẹ, pè wọ́n. Àwọn èèyàn wà lórí òkun báyìí, wọ́n ń jẹun ọ̀sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù mi.