Ibi Tí Wọ́n Ti Ń Gbọ́ Ẹkún Ọmọ Ọwọ́

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ má tíì ké Halelúyà. Ẹ jẹ́ kí n rò ó tán ná, nítorí inú ń bí mi, n kò sì ní fi pamọ́ fún yín.

Gbogbo yín lẹ mọ Bísọ́lá, onídìrí tó fi ayé rẹ̀ fún Jésù níbi ìsọjí tí a ṣe ní pápá. Lọ́jọ́ náà, ẹ jó, ẹ lagun. Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, ọmọ náà wọ ṣòkòtò wá síbí pẹ̀lú yẹtí létí, Ìyá Ìjọ sì dìde lójú gbogbo èèyàn, wọ́n ní, "Ìwọ yìí, ṣé ilé ijó lo rò pé o wá ni? Lọ gba ààwẹ̀ gbígbẹ ọlọ́jọ́ mẹ́ta kí o tó tún fẹsẹ̀ kan ibí!" Ọmọ tí kò tíì mọ Mátíù yàtọ̀ sí Máàkù lẹ ní kó lọ gba ààwẹ̀ gbígbẹ. Kò padà wá mọ́, kò sì sẹ́ni tó béèrè rẹ̀.

Òun ni mo gbàdúrà fún lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì. Mo ṣe àmín, mo fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní, oorun sì gbé mi lọ. Nínú oorun náà ni ọkùnrin aláṣọ funfun kan ti dúró tì mí, ó ní, "Ìyá Tóyìn, dìde, tẹ̀ lé mi."

Ó kọ́kọ́ mú mi dé ibi tó mọ́lẹ̀, tí atẹ́gùn rẹ̀ tutù. Ibẹ̀ ni mo ti rí Màmá Dúpẹ́ wa tó ti sùn nínú Olúwa. Obìnrin yìí kì í wàásù, kì í ríran, ẹ kò sì fi í joyè kankan. Bí ẹnì kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàgbọ́, á lọ bá a nílé, á bá a bó ẹ̀gúsí, á máa kọ́ ọ bí a ṣe ń gbàdúrà díẹ̀díẹ̀. Èrò yí i ká níbẹ̀, gbogbo wọn ń pè é ní Màmá, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ jókòó tì í. Ọkùnrin náà ní, "Kò tíì yá."

La bá sọ̀ kalẹ̀. Mo rí àwọn òpùrọ́ tí ahọ́n wọn gùn délẹ̀, tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí wọ́n ti ń rìn. Mo rí àwọn alágbèrè àti àwọn aninilára nínú iná, mo ń ké pe Jésù, ọ̀nà ń gbóná sí i, mo fẹ́ sá, ẹsẹ̀ mi kọ̀, èéfín bò mí lójú, mo sì ń gbọ́ ẹkún, ẹkún ọmọ ọwọ́, lọ́tùn-ún, lósì, láìdákẹ́, láìsinmi, títí mo fi fi ọwọ́ méjèèjì di etí.

Mo ní, "Olúwa mi, kí ni ọmọ ọwọ́ ń ṣe ní ọ̀run àpáàdì?"

Ó ní, "Kò sí ọmọ kankan níbí. Ẹkún wọn nìkan ni. Wo àwọn tó ń gbọ́ ọ."

Mo wò. Àwọn ẹni ńlá inú ìjọ ni! Alàgbà, wòlíì, olórí akọrin, olúkúlùkù fi ọ̀já pọn ẹkún sẹ́yìn, ó ń jó wọn bí ẹyín iná, bí wọ́n ti ń tú ọ̀já náà ló ń le sí i. Ọ̀kan ń pariwo pé, "Èmi ni mo wàásù tí ogunlọ́gọ̀ fi jáde síwájú!"

Amọ̀nà mi ní, "Ó bí wọn sínú ìgbàgbọ́ tán, ó sọ wọ́n nù."

Obìnrin kan ké pé, "Mo kàn ń bá wọn wí ni! Mímọ́ ni ilé Ọlọ́run!"

"Eegun ló fi bọ́ ọmọ tí kò tíì hu eyín."

Nígbà náà ni mo rí ọ̀já tuntun kan nílẹ̀, tí kò tíì sí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ẹkún ń ti inú rẹ̀ jáde, mo sì dá ohùn náà mọ̀. Ohùn Bísọ́lá ni. Mo ní, "Ta ni wọ́n fẹ́ so eléyìí mọ́?"

Ó ní, "Ìjọ yín. Ọmọ náà ṣì wà láàyè, àmọ́ ó ti ń padà síbi tó ti wá. Lọ gbé e." Ó tì mí, mo ta jí lórí ẹní, aṣọ mi rin gbingbin.

Ẹ ṣọ́ra o. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Orí ọmọ yìí wọ́ lójú yín, ẹ ń kọrin.

Ìyá Ìjọ, ẹ má dijú mọ́ mi. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ fi mí sábẹ́ ìbáwí. Mo ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọmọ náà láàárọ̀ yìí. Ó bi mí pé, "Màmá, ṣé wọn ò ní tún lé mi?" Mo ní, "Kí wọ́n dán an wò."

Òun ló ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Ìyá Ìjọ, ẹ sún, ẹ fún un láyè.