Ohùn Tí Adébùnmí Pa Rẹ́

Àsìkò tó kí òótọ́ yìí jáde. Adébùnmí fúnra rẹ̀ ló ní kí a sọ ọ́. Ó ní kí a má fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí a má sì bu lọ́fínńdà sí i, nítorí ìdọ̀tí ni, kí ó rùn bí ìdọ̀tí.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa tọ́jú arúgbó nínú ilé wọn. Wọ́n rán an lọ sí ilé kan ní Riverdale Park, ní Maryland, l'Amẹ́ríkà, lọ́dọ̀ bàbá ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin kan, Lokmani Sapkota, ará Nepal. Kì í ṣe èèyàn kékeré. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló lò nílé aṣòfin ìlú wọn, ó ṣe mínísítà lẹ́ẹ̀mẹrin. Nígbà tí ọba wọn fòfin de ẹgbẹ́ òṣèlú, ó lo ọdún mẹ́fà lẹ́wọ̀n, ẹ̀wọ̀n yẹn ló sì sọ ọ́ di òrìṣà lójú àwọn èèyàn rẹ̀. Ọwọ́ òsì rẹ̀ wọ́. Wọ́n ní ọlọ́pàá ló ṣẹ́ ẹ. Gbogbo ọjọ́ ìsinmi làwọn ará Nepal ń ti Baltimore àti Virginia wá, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ bàbá, wọ́n á tún ya fọ́tò ọwọ́ tó wọ́ náà. Adébùnmí, tó ń nu ìdí bàbá láràárọ̀, a máa yangàn fáwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ pé akọni lòun ń tọ́jú.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ Tuesday kan, tí àìsàn kíndìnrín ti gbé bàbá dé bèbè ikú, ó ní kí Adébùnmí ti ilẹ̀kùn.

"Tan fóònù rẹ. Gba ohùn mi sílẹ̀." Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́, geere. "Mo ní ọ̀rẹ́ kan, tíṣà ni, Bhakta lorúkọ rẹ̀. Àwa méjèèjì la jọ ń sá fún ọlọ́pàá ọba. Wọ́n mú mi lójú ọ̀nà. Wọn ò lù mí. Ọ̀gá wọn bu tíì fún mi, ó bi mí pé ilé ta ni Bhakta ń sùn. Kí tíì náà tó tutù, mo ti sọ fún un. Orí ẹní ni wọ́n yìnbọn pa á sí. Wọ́n wá tì mí mọ́lé kí ẹnikẹ́ni má bàa fura."

"Ọwọ́ yín ńkọ́, sà?"

"Orí kẹ̀kẹ́ ni mo ti já bọ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà."

Ó ń bá a lọ. Tí ìbò bá dé, abúlé Bhakta ló ń kọ́kọ́ lọ. Á gbé òdòdó kọ́ àwòrán òkú lọ́rùn, á fa Maiya, opó rẹ̀, dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, á sì sunkún. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló fi omijé yẹn wọlé. Ó kọ́ ilé ìwé lórúkọ Bhakta, ó sì fi ara rẹ̀ jẹ alága rẹ̀. Ohun tó kó Adébùnmí nírìíra jù ni pé omijé kankan ò sí lójú bàbá lọ́jọ́ náà. Ó ń rò ó bí ẹni ń ka orúkọ ìlú tó ti bẹ̀ wò.

"Maiya wà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Oxon Hill," ó ní. "Tí mo bá kú, gbé ohùn mi fún un. Mi ò lè wojú rẹ̀."

Ọjọ́ kẹrin ló kú.

Adébùnmí ò lọ sí Oxon Hill. Ọ̀dọ̀ Sarita ló gbé fóònù lọ, ọmọbìnrin bàbá, lọ́yà tó ń bá àwọn àlejò ṣe ìwé ìgbélùú. Ó sọ fún ara rẹ̀ nígbà náà pé ọmọ olóòkú ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́. Lónìí, ó ní irọ́ ni. "Tó bá jẹ́ opó yẹn ni mo fẹ́ rí, mo mọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ síbẹ̀. Mo mọ ohun tí mò ń wá."

Sarita gbọ́ ohùn náà títí dé òpin. "Àǹtí Bùnmí, ta ló tún gbọ́ ọ?"

"Kò sí."

"Ọkọ yín tó wà n'Ìbàdàn, ọdún mélòó lẹ ti ń retí ìwé rẹ̀?"

"Ọdún méje."

"Èmi fúnra mi ni màá ṣe é. Ẹ ò ní san nǹkan kan." Ó fojú sí fóònù.

Adébùnmí tẹ̀ ẹ́, ohùn náà lọ. Ó tún na fóònù sí Sarita kó rí i pé kò sí níbẹ̀ mọ́, bí ọmọdé tó jẹun tán tó ń fi abọ́ han ìyá rẹ̀.

Ì bá dára ká ní ó mọ síbẹ̀. Lọ́sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n ṣe ìrántí bàbá ní gbọ̀ngàn kan nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin New Carrollton. Wọ́n ní kí olùtọ́jú wá sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn akọni. Sarita ò kọ ọ̀rọ̀ fún un o. Òun fúnra rẹ̀ ló hun ún. Ó gba gbohùngbohùn, ó ní, "Bàbá di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, 'Bhakta ọ̀rẹ́ mi ń dúró dè mí.'" Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́kún. Adébùnmí náà sunkún, ẹkún náà sì dùn mọ́ ọn.

Bí ó ti sọ̀ kalẹ̀, arúgbó kékeré kan dìde láti ìlà kejì, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. Maiya ni. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó ìbéèrè.

"O wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó dárúkọ ọkọ mi. Ǹjẹ́ ó sọ ẹni tó tú àṣírí ilé yẹn? Àádọ́ta ọdún ni mo ti ń bèèrè. Àbúrò mi ọkùnrin ni mo fura sí. Mi ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi kú."

Adébùnmí wò ó lójú kòrókòró. "Rárá, Màmá. Kò sọ."

Arúgbó náà fi iwájú orí kan ọwọ́ rẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì lọ.

Oyèwálé, ọkọ Adébùnmí, dé lóṣù kẹta ọdún yìí. Èèyàn tó mọ oore ni. Gbogbo ìgbà ló ń sọ pé, "Lọ́yà yẹn, ìgbà wo la fẹ́ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?" Adébùnmí ń yẹ̀ ẹ́. Lọ́sàn-án Sátidé kan tí ọkùnrin náà ti wọ agbádá, tó ní àfi káwọn lọ lónìí, Adébùnmí jókòó sórí ilẹ̀ kíṣìnnì, ó sì sọ gbogbo rẹ̀.

Oyèwálé bọ́ agbádá. "Mo bẹ̀ ọ́ pé kí o mú mi wá," ó ní. "Mi ò bẹ̀ ọ́ pé kí o jẹ́ kí ìyá àgbà kan kórìíra òkú àbúrò rẹ̀ torí mi." Kò pariwo. Kò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Lọ́jọ́ kẹwàá, Adébùnmí wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Oxon Hill. Ó kúnlẹ̀ níwájú Maiya, ó jẹ́wọ́.

"Ohùn rẹ̀ dà?" ni arúgbó bi í.

"Mo ti pa á rẹ́, Màmá."

"Kí ni wọ́n fún ọ?"

"Ìwé ọkọ mi."

"Ọkọ tìẹ dé," Maiya ní.

Ó fa fóònù tirẹ̀ yọ, ó gbé e ka orí tábìlì. "Sọ ọ́ síbí. Kọ́kọ́ dárúkọ ara rẹ."

Adébùnmí sọ ọ́ láti orí dé ìdí, lórí eékún. Nígbà tó parí, Maiya kọjú sí fèrèsé, ó pe orúkọ kan lẹ́ẹ̀mẹta lédè wọn. Kì í ṣe orúkọ Bhakta. Ó jọ pé àbúrò rẹ̀ ló ń pè.

Ọ̀rọ̀ ti tàn kálẹ̀ láàárín àwọn ará Nepal báyìí. Sarita ní wèrè ni Adébùnmí. Àwọn kan ní irọ́ ló ń pa mọ́ akọni, ẹ̀rí tí ì bá sì gbè é, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ pa á rẹ́. Ibi iṣẹ́ ti yọ orúkọ rẹ̀. Kò ráhùn. Ó ní kí a sọ fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń tọ́jú arúgbó káàkiri Maryland pé bí ẹni tó ń kú lọ bá fi òótọ́ rán yín, ẹ má kọ́kọ́ wò ó bóyá ó ṣeé tà. Òkú kì í padà wá tún ọ̀rọ̀ sọ.

Maiya ò tíì dárí jì í. Adébùnmí ní ẹni tó bá mọ ìyá náà, kó bá òun bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n kó má bẹ̀ ẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìdààmú tí wọ́n ti kó bá a tó.