Fọ́tò Kejì Ajá Agbẹ̀bí

Ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun fún ọdún mọ́kànlá. Èémí mi ti ń kúrú báyìí. Ó yá kí n tu ú jáde.

Dókítà ẹran ni mí. Agbẹ̀bí kan tó ti fẹ̀yìn tì gbé ajá rẹ̀ wá, ajá kékeré tó sanra, tó ń pè ní Alága. Oṣù méje ni Alága ti ń húkọ́, ikọ́ náà ń dún bí ohùn pẹ́pẹ́yẹ. Dókítà kékeré, ọmọbìnrin tí mo ń kọ́ níṣẹ́, ní, “Bàbá, ó jọ pé ọ̀nà èémí rẹ̀ ló ń wó.” Mo ní ẹnu rẹ̀ ti yá jù.

Bẹ́ẹ̀, èmi ni mo kọ́ ọ pé fọ́tò méjì là ń fi ẹ̀rọ tó ń wo inú ara yà: ọ̀kan nígbà tí ajá bá mí sínú, èkejì nígbà tó bá mí síta. Ọ̀nà èémí tó ti dẹ̀ lè ṣí gbayawu nínú ti àkọ́kọ́, kó wó nínú èkejì. Mo ya méjèèjì. Ti àkọ́kọ́ ṣí. N kò dúró kí èkejì jáde nínú ẹ̀rọ. Mo sọ fún agbẹ̀bí, lójú Dókítà kékeré, pé ikọ́ lásán ni. Mo fún un ní oògùn ikọ́, ó lọ.

Èkejì jáde. Ọ̀nà èémí ti lẹ̀ mọ́ra bíi rọ́bà tí ènìyàn fẹsẹ̀ tẹ̀. Agbẹ̀bí ṣì wà níta, ó ń gbé Alága sínú ọkọ̀. Ẹsẹ̀ mi ò gbé. Ìgbéraga ni, kì í ṣe ọjọ́ orí. Mo ti fọ́tò náà bọ ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀ tábìlì mi, lábẹ́ ìwé.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ahọ́n Alága dà bí aró. N kò sí níbi iṣẹ́. Dókítà kékeré fún un ní afẹ́fẹ́, ó ya fọ́tò méjì, ó rí i pé ọ̀nà èémí rẹ̀ ń wó. Ó yí oògùn padà, ó bọ́ okùn ọrùn rẹ̀, ó fi èyí tó ń gba àyà rọ́pò rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n dín oúnjẹ rẹ̀ kù. Ajá yè.

Ọjọ́ kejì ló burú jù. Agbẹ̀bí wá dúpẹ́. Dókítà kékeré ní, “Mà, Bàbá ni kẹ́ ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àwọn ló kọ́ mi pé ká máa ya méjì.” Agbẹ̀bí bi mí bóyá mo ya méjì nígbà yẹn. Mo ní ẹ̀rọ bàjẹ́ lẹ́yìn àkọ́kọ́. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Ẹ ṣé, Dókítà. Ẹ ò fi wá sílẹ̀.” Mo gba ọpẹ́. Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Alága tún lo ọdún mẹ́rin. Ní báyìí, èmi nìkan ló kù tó ń húkọ́.

Lánàá, Dókítà kékeré wá kí mi lórí ibùsùn. Mo ní kó lọ wo ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀ náà. Kò dìde. Ó ní, “Bàbá, ọjọ́ tí mo gba tábìlì yín níbi iṣẹ́ ni mo ti rí i. Ẹnu yín ló yẹ kó ti jáde.”

Ọmọ mi, o ṣé. Agbẹ̀bí, ẹ ṣé fún ọpẹ́ tí kò tọ́ sí mi. Ẹ fi orí jì mí. Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹ dúró de fọ́tò kejì. Bí ẹ kò bá dúró, ẹ sáré tẹ̀lé ọkọ̀ náà.