Fíríìjì Halvor Kò Ní Lọ Sí Ààtàn

Má tíì jókòó, Orrin! Orí ìdúró ni kó o ti gbọ́ ọ. Ta ló ní kó o lọ sọ fún Wendell aládùúgbò wa pé kó gbé ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ wá lọ́la, kó wá kó fíríìjì mi lọ sí ààtàn? Ta ló rán ẹ níṣẹ́? Èmi ni mo ni ọkọ̀-ilé tá à ń gbé yìí, gbogbo nǹkan tó wà nínú rẹ̀ tèmi ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ ló kú, èmi tó fẹ́ sílé ò tíì kú!

Ó ti gbó? Ohun tó o rí sọ nìyẹn? Háà! Èmi náà ti gbó. Ìwọ náà, wo irun orí rẹ. Ṣé kí Wendell máa bọ̀ wá kó gbogbo wa ni?

Nígbà tí mo fi ọkọ̀ yìí lé ọ lọ́wọ́ ní Minnesota, fíríìjì yẹn ń ṣiṣẹ́, àbí mo purọ́? Wàrà ń tutù nínú rẹ̀, ẹja ń dì gbagidi. Mo ní kó o máa wà á lọ sí Arizona níwájú, pé bí mo bá ti ta ilé tán, màá wọ bàálù wá bá ọ. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ọ́. Mo ní kó o tó tan iná gáàsì fíríìjì náà, jẹ́ kí ọkọ̀ dúró kó tẹ́jú. Ṣé ó tiẹ̀ yẹ kí n máa sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni láàárín àwa tá à ń wá sá fún òtútù nínú aṣálẹ̀ yìí? Ta ni ò mọ̀ pé irú fíríìjì wa yìí kò ní ẹ́ńjìnnì tó ń ti omi inú irin ẹ̀yìn rẹ̀? Iná á mú un gòkè, yóò sì fúnra rẹ̀ ṣàn wálẹ̀. Bí ọkọ̀ bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, omi á jókòó sójú iná, á máa hó síbẹ̀ títí á fi di èépá tó máa dí ọ̀nà. Nígbà tí Halvor ọkọ mi wà láyé, á fi oúnjẹ sílẹ̀, á kúnlẹ̀, á gbé ìwọ̀n olómi táwọn bíríkìlà ń lò sínú fíríìjì, á máa ti pákó bọ abẹ́ táyà. A máa ń fi í ṣẹ̀sín. Ìwọ lo máa ń rẹ́rìn-ín jù.

Mo wá dé, kí ni mo rí? Imú ọkọ̀ ń wo òkè, ìdí rẹ̀ wọlẹ̀ sójú àgbàrá gbígbẹ! Àwọn pákó Halvor wà nínú àpótí bí mo ṣe dì wọ́n. Mo bi ọ́, o ní o jẹ́ kó tẹ́jú dáadáa, táyà ló rì. Táyà rì! Lórí òkúta yìí! Olúwa mi, Orrin, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni wọ́n ti kọ́ wa pé ká má purọ́.

Má sì sọ pé mi ò gbìyànjú. Mo wo iná gáàsì rẹ̀, búlúù ni, ó ń jó geere. Mo gbá ìpẹtà inú ihò èéfín rẹ̀. Mo fi bébà há etí ilẹ̀kùn, bébà ò yọ, rọ́bà rẹ̀ ṣì le. Mo fọwọ́ kan irin ẹ̀yìn, ibi tí iná wà ń jóni lọ́wọ́, ìyókù ò tiẹ̀ mọ̀ pé iná wà níbì kankan. Mo gbóòórùn rẹ̀ títí. Bó bá ti jò ni, kẹ́míkà inú omi rẹ̀ ì bá máa rùn bí ìtọ̀. Kò rùn! Ó há ni, ohun tó há sì ṣeé tú.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ọ̀tọ̀ ni. O mọ bó ṣe máa ń dún, kùlùkùlù, bí Halvor ṣe máa ń tún ọ̀fun ṣe kó tó sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn tá a sin ín, mo máa ń jókòó síwájú rẹ̀, mo máa ń dá a lóhùn. Má wò mí bẹ́ẹ̀! Mo mọ ohun tí pásítọ̀ máa sọ. Bí mo ṣe dé ibí, ó ti dákẹ́. Mo pa gáàsì, mo tú wáyà bátìrì, mo ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu. Lánàá, oòrùn wà lókè, mo ń fọ abọ́, ó tún ọ̀fun ṣe. Lẹ́yìn mi níbí. Mo ní, "Halvor?" Ó dà bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tí wọ́n gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Omi ló ń rọ̀ sílẹ̀ nínú irin? Mo mọ̀. Mo mọ̀ jù ọ́ lọ. Àmọ́ ṣé omi ló mú kí gbogbo ara mi tutù bẹ́ẹ̀?

Kí ló dé tó o fi ń wolẹ̀? Kí lo wí? Sọ ọ́ sókè.

O mọ̀ọ́mọ̀ ni? Orrin! O mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan?

O ní torí pé bó bá fì ló máa ń dún jù. Ó ń tún ọ̀fun ṣe láti àárọ̀ dalẹ́, o wá jókòó tì í, o ò lè dìde gbé pákó, torí bó bá ti tẹ́jú, ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ á lọ sílẹ̀. O jókòó tì í títí ó fi dákẹ́ lójú rẹ.

Yéè. O sì jẹ́ kí n rò pé èmi nìkan ni mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀.

Sunkún, kò burú. Àmọ́ táyà ò rì. Fẹnu ara rẹ sọ ọ́. Mo ń dúró.

Ẹ̀n-hẹ́n. Ó tán.

Ní kí Wendell máa bọ̀ lọ́la, kó wá bá wa gbé e ni, ẹ̀yìn ń dùn mí. A máa yọ ọ́ síta, a máa dorí rẹ̀ kodò sórí iyanrìn, títí èépá náà á fi tú. Bó bá ṣiṣẹ́, ọkọ̀ yìí máa tẹ́jú, ohùn rẹ̀ á sì kéré, àwa méjèèjì á fara mọ́ ọn bẹ́ẹ̀. Bí kò bá ṣiṣẹ́, ìwọ lo máa gbé e dé ààtàn, Orrin, ìwọ lo máa gbé e sílẹ̀, ìwọ lo máa kẹ́yìn sí i. Èmi ò lè ṣe ìyẹn lẹ́ẹ̀kejì.