Àdìrẹ tí Mo Tú Lójú Fèrèsé

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n jókòó sọ ọ́. Ẹsẹ̀ ń dùn mí, ó sì ti rẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n ọpẹ́ tó wà lọ́rùn mi yìí, bí mi ò bá san án lónìí, mi ò ní lè sùn. Ọlọ́run ṣeun fún mi, nígbà tí èmi fúnra mi ò ṣe dáadáa.

Ẹ mọ̀ pé òṣìṣẹ́ ìjọba ni Bàbá Fúnmi, ọkọ mi. Nígbà tí wọ́n gbé ọ́fíìsì wọn kúrò l'Ékòó wá sí Àbújá níbí, a kó tẹ̀lé e. Suleja la kọ́kọ́ gbé. Kò pẹ́, wọ́n ní ká kó wá sí Wuse. Ọdún kan ò tíì pé, lẹ́tà tún dé pé ká kó lọ sí kọ́tásì mìíràn ní Garki. Kí n má purọ́ nílé Ọlọ́run, mo bínú. À ń ṣí kiri bí ológbò tó ń gbé ọmọ. Mo tiẹ̀ dẹ́kun àdúrà lórí ọ̀rọ̀ ilé.

Màmá tó bí ọkọ mi wà lọ́dọ̀ wa, àwọn náà rèé tí wọ́n jókòó sẹ́yìn yẹn. Ara ti di ara àgbà, wọn a máa gbàgbé nǹkan. Nígbà tá a wà ní Mushin, kò séwu, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ní Wuse, òrùlé kan náà, ọ̀dà kan náà, ilẹ̀kùn kan náà ni gbogbo ilé. Èmi gan-an ti ṣi ilé wọ̀ rí. Ni mo bá mú ìró àdìrẹ mi kan tó ti gbó, mo so ó mọ́ irin fèrèsé iwájú. Mo ní, "Màmá, ibi tẹ́ ẹ bá ti rí aṣọ yìí, ibẹ̀ nilé wa." Láràárọ̀ ni wọ́n ń lọ jókòó lábẹ́ igi kan lókè ọ̀nà. Bí oòrùn bá mú, wọ́n á wo aṣọ, wọ́n á padà sílé.

Lọ́jọ́ tí mò ń di ẹrù Garki, mi ò rí nǹkan tí màá fi wé àwo. Mo wò yíká, mo rí àdìrẹ yẹn, mo tú u, mo fi di àwo. Mi ò rántí Màmá rárá. Àwo ni mò ń rò.

Nígbà tó di ọ̀sán, mi ò rí wọn. Mo lọ sábẹ́ igi, kò sẹ́nì kankan. Ìgbà yẹn ni mo bojú wẹ̀yìn wo ilé wa, mo rí fèrèsé lásán. Màmá ti kọjá níwájú ilé, wọn ò rí aṣọ, wọ́n sì ń lọ. Wọn ò gbọ́ Hausa, wọn ò gbọ́ òyìnbó. A wá wọn títí ilẹ̀ fi ṣú, a lọ sí tẹ́ṣàn ọlọ́pàá. Bàbá Fúnmi bá mi padà sílé. Ó kàn jókòó sórí ẹrù, ó di orí mú. Ì bá sàn kó bá mi jà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo fẹ́ gbàdúrà. Gbogbo ohun tí mo lè sọ ni, "Olúwa, ó rẹ̀ mí. Èmi ni mo tú u." Mi ò tíì ṣe àmín tí awakọ̀ kan fi dé, ọ̀kan lára àwọn tó ń já òkúta síbi tí wọ́n ti ń kọ́lé lódìkejì. Ọkọ̀ rẹ̀ gbóná, ó ń wá omi. Garawa kan péré ló kù nílé. Díẹ̀ ló kù kí n ní kò sí, ṣùgbọ́n ó fi Yorùbá Ìlọrin kí mi, mo bá dìde bù ú fún un. Ó bi mí ohun tó mú ojú mi pọ́n, mo sọ fún un. Ó gbé omi sílẹ̀.

Ó ní, "Ìyá kan wà lókè Mpape níbi tá a ti ń gbé òkúta. Mo kí wọn láàárọ̀ yìí, wọ́n ní ilé aláṣọ làwọn ń wá."

Ọkọ̀ òkúta ló gbé wa lọ. A bá Màmá lágbàlá obìnrin Gwari kan, àwọn tó ni ilẹ̀ Àbújá yìí látilẹ̀, wọ́n jọ ń jẹ iṣu sísè. Obìnrin náà ń gbé igi bọ̀ léjìká lánàá nígbà tó bá wọn lójú ọ̀nà. Kò gbọ́ èdè wọn, síbẹ̀ ó fà wọ́n lọ́wọ́ lọ sílé. Mo kúnlẹ̀. Sànnu, sànnu, ìkíni Hausa tí obìnrin náà ń kí mi, òun nìkan ni mo gbọ́, awakọ̀ ló ń túmọ̀ ìyókù. Obìnrin náà ní wọ́n kó àwọn náà kúrò nílẹ̀ àwọn nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ ìlú yìí, pé títí ìyá òun fi kú ló ń béèrè ọjọ́ tí àwọn máa padà sílé. Mo sunkún níbẹ̀ ju ti àná lọ.

Mo bẹ Màmá pé kí wọ́n dárí jì mí, pé èmi ni mo jẹ́ kí wọ́n sọnù. Wọ́n wò mí, wọ́n gbé iṣu mì. Wọ́n ní, "Èmi ò sọnù o. Ilé ló sọnù."

Sátidé ọ̀sẹ̀ tó kọjá la kó dé Garki. Kí ìkòkò tó kúrò nínú lọ́rì, mo ti tú àwo, mo ti so àdìrẹ mọ́ fèrèsé. Lánàá, Màmá dìde, wọ́n jáde. Mo dìde, ṣùgbọ́n mi ò sáré tẹ̀lé wọn. Mo jókòó sórí ẹrù tí mi ò tíì tú, mò ń retí. Nígbà tó ṣe, mo gbọ́ ohùn wọn lẹ́nu ọ̀nà.

Wọ́n ní, "Ìyàwó, mo ti délé."

Ẹ̀yin ará, bóyá wọ́n tún máa ní ká kó, mi ò mọ̀. Ọlọ́run tó mọ ilé wa nígbà tí kò ní àmì, òun ló ni ògo. Ẹni tí ara rẹ̀ bá yá, kó dìde bá mi jó. Èmi á máa pàtẹ́wọ́ níbi tí mo jókòó sí.