Èmi Ni "Ìyá Kan" Inú Àròkọ Mi

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan há mi lọ́fun bí egungun ẹja. N kò lè gbé e mì, n kò sì lè tu ú. Ọmọ ọlọ́mọ ló fẹ́ jìyà rẹ̀ báyìí. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wọn yóò pè é síwájú ìgbìmọ̀ níbi iṣẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè dákẹ́ mọ́.

Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Èdè Yorùbá ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ nílùú Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Bí ọmọ bá kọ ọ́ pé "ẹnì kan fọ́ fèrèsé," n óò fi bírò pupa bi í pé, "Ta ni ẹnì kan? Ṣé kò lórúkọ ni?" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìbéèrè yẹn sọ́kàn.

Lọ́dún tó kọjá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ ní kí n kọ àròkọ kan tí wọn yóò kà níbi ìpàdé wọn. Mo mú ohun tó ti ń dùn mí tipẹ́: bí ìtọ́jú olówó àti ti tálákà kì í rí bákan náà nílé ìwòsàn. N kò fẹ́ jókòó sílé kí n máa méfò. Mo ní n óò lọ jókòó láàárín àwọn aláìsàn, kí n fojú ara mi rí i.

Ọjọ́ tí dókítà ojú ń wá ni mo lọ. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ló ń wá. Mo gba káàdì bí aláìsàn, bẹ́ẹ̀ ojú kò dùn mí. Tọkọtaya kan láti Ìjẹ̀bú-Imùṣin ni mo bá lórí bẹ́ǹṣì. Igi ti ta ọkọ lójú lóko. Ó fi aṣọ bò ó, omi ń dà níbẹ̀ ṣáá. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ràṣídà, sún kí n lè ríbi jókòó. Wọ́n ti wà níbẹ̀ kí n tó dé. Mo tún un sọ: kí n tó dé.

Nọ́ọ̀sì kan yọjú. Ó rí mi, ó lanu.

"Ha, Mọ́mì! Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ní ká tò dáadáa, ẹ̀yin náà lẹ wá tò síbí?"

Ọmọ tí mo kọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní Bísọ́lá. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ẹ dìde, Mọ́mì. Ibí kọ́ lẹ máa jókòó sí."

Ó yẹ kí n sọ pé, "Rárá, ọmọ mi, àwọn wọ̀nyí ló kàn." N kò sọ ọ́. Kí n má purọ́, inú mi dùn pé wọ́n ṣì mọ̀ mí láwùjọ. Mo tẹ̀ lé e wọlé. Dókítà yẹ ojú mi wò fínnífínní, ó ní kí n pààrọ̀ awò ojú mi. Èmi ni dókítà rí kẹ́yìn lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo jáde, wọ́n ní kí àwọn tó kù padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Tọkọtaya yẹn wà lára wọn.

Lẹ́yìn náà, mo wá wọn lọ sí Imùṣin nítorí àròkọ náà. Ojú ọkọ ti fọ́. Nílé ìwòsàn, wọ́n ti sọ fún wọn pé ká ní wọ́n tètè rí dókítà ni, bóyá ìbá ṣeé wò. Síbẹ̀, Ìyá Ràṣídà yọ̀ mọ́ mi. Èdè Ìjẹ̀bú ló ń sọ. Mo tún un kọ bí gbogbo wa ṣe ń kọ ọ́.

"Ẹ̀yin la jọ jókòó níjọ́sí! Nígbà tí wọ́n pè yín wọlé, mo sọ fún Bàbá Ràṣídà pé màmá yìí ti wà níbí ṣáájú wa, bóyá wọ́n kàn jáde lọ gba atẹ́gùn ni. Àbí?"

Ọkọ rẹ̀ yí ojú kan tó kù sí mi.

Mo ní, "Hẹn."

Wọ́n di gàrí fún mi nígbà tí mo ń lọ. Ó ṣì wà nílé ìdáná mi, n kò tíì tú u.

Awò tuntun yẹn ni mo fi kọ àròkọ náà. Mo kọ "Mo," mo pa á rẹ́. Mo wá kọ ọ́ pé: "Nọ́ọ̀sì fa ìyá kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé dìde nítorí pé ó mọ̀ ọ́n, ojú tálákà kan sì fọ́." Mo sọ fún ara mi pé kò sí irọ́ níbẹ̀. Àbí èmi kì í ṣe ìyá kan ni? Ẹ wò ó, mo dárúkọ ilé ìwòsàn, mo dárúkọ ọjọ́, n kò dárúkọ ara mi.

Àwọn èèyàn sunkún níbi ìpàdé. Wọ́n kà á lórí rédíò. Ilé ìwòsàn náà ṣèlérí pé dókítà ojú yóò máa wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Àmọ́ wọ́n tún ń wá nọ́ọ̀sì náà, wọ́n sì rí i.

Bísọ́lá wá sílé mi. Ó kúnlẹ̀ kí mi bó ṣe máa ń ṣe.

"Mọ́mì, wọ́n ní kí n dárúkọ ìyá náà, kí n sọ ohun tó fún mi. Mo ní n kò rántí. Bí mo bá dárúkọ yín, ta ló máa gba àròkọ yín gbọ́ mọ́?"

Ó dìde kó máa lọ. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé ẹnì kan lórúkọ."

Kò bú mi. Ìbá sàn bó bá bú mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rò ó. Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọn yóò ní ẹ̀tàn ni gbogbo àròkọ náà, wọ́n sì lè yẹ àdéhùn ọjọ́ kejì tí dókítà yóò máa wá. Àwọn tí ojú ń dùn ń retí ọjọ́ náà. Bí mo bá dákẹ́, iṣẹ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ Bísọ́lá nítorí pé ó bọ̀wọ̀ fún mi. Ta ni kí n kọ́kọ́ lọ bá, ìgbìmọ̀ ni àbí àwọn ará Imùṣin? Ẹ má kàn sọ pé kí n gbàdúrà. Mo ti ń gbà á.

Kí èsì yín tó dé, mo ti fi bírò pupa tún gbólóhùn yẹn kọ: "Nọ́ọ̀sì fà mí dìde, mo sì tẹ̀ lé e."

Ìyá Ràṣídà, bí wọ́n bá ka èyí sí yín létí, ẹ bi mí ní ìbéèrè kan, mo sì dáhùn pé "Hẹn." Rárá ni. Ẹ̀yin lẹ ṣáájú mi. Ẹ forí jì mí.